Bí Otacílio Ṣe Kó Ará Ilé Lọ Wo Ère Lọ́jọ́ Ìkùukùu

Ẹ wá bá mi kí ọkùnrin kan nílùú Rio, Otacílio Vilarinho, ẹni tó ti gun òkè Corcovado lọ wo ère Kírísítì ní ogójì ìgbà láì dìde lórí àga tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Ó ní Kọmẹndadọ ni wọ́n ń pe òun. Kò sí ẹni tó mọ ọba tó fi í joyè náà, kò sì sí ẹni tó jẹ ìrẹsì níbi ìwúyè. Ṣùgbọ́n oyè náà wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wà lára ife kọfí rẹ̀, wọ́n sì fi òwú wúrà kọ ọ́ sára sálúbàtà tó fi ń lọ sí balùwẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní Otacílio lásán, kò ní gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ jọ wà lẹ́nu lífítì. Bí ẹ bá pè é ní Kọmẹndadọ, á dáhùn láti òdìkejì títì.

Ilé alájà mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní Bela Aurora, ládùúgbò Laranjeiras, ló ń gbé. Àwọn ará ilé náà ti fún un ní oríkì tí wọn kì í kì lójú rẹ̀: Otacílio, olówó ẹnu, a-gbé-ìsàlẹ̀-ròyìn-òkè, ọkọ Dorvalina, a-sọ̀rọ̀-ère-bí-ẹni-sọ̀rọ̀-àbúrò.

Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà tó gbójú sókè, á rí ère ńlá náà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, tó na apá rẹ̀ méjèèjì. Otacílio kì í jẹ́ kí àlejò wò ó lásán.

"Ẹ wo apá òsì yẹn dáadáa," á ní. "Ó fẹ́ gùn ju tọ̀tún lọ. Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ó sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́."

Dorvalina, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ apá òsì yìí débi pé ó lè sọ ọ́ lójú oorun. Láti ìlú kékeré kan ní Minas ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Rio. Lọ́sẹ̀ tó dé, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, pé kó mú òun lọ wo ère náà. Otacílio ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà sì ti ń bọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

Ní oṣù kìíní, oòrùn ti mú jù. Bí ọdún ijó bá dé, èrò ti pọ̀ jù. Nígbà ààwẹ̀, ìgbafẹ́ ò yẹ onígbàgbọ́. Ní oṣù kẹfà òtútù wà, òjò ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tó bá sì di oṣù kejìlá, oṣù kìíní ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ lọ rí, Ìyá Jussara?" á bi í. "Èmi tí mo ti lọ, mo ti rí i fún àwa méjèèjì."

Dorvalina kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í tètè so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn ń gbé nínú ilé náà, ọkọ òun sì ní àwọn ènìyàn pàtàkì máa ń gbé súnmọ́ ilẹ̀. Ó mọ̀ pé òun lòun ń gun àpótí pààrọ̀ gílóòbù, nítorí Kọmẹndadọ ní iṣẹ́ gílóòbù ò bá oyè òun mu. Nígbà tí wọ́n bá sì lọ kí Jussara ọmọ wọn, tó ń gbé lájà kejìlá ní Niterói, Otacílio á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta wà fún àwọn amusìgá. Obìnrin náà rí gbogbo èyí. Kò tíì kó wọn jọ síbì kan ni.

Ìgbà tí alága ilé kó lọ sí São Paulo ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ló fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Otacílio ni ẹnìkan. Ẹnìkejì ni Dona Nilcéa tó ń gbé lájà karùn-ún, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìntì, tí kì í wọ lífítì, tó sì máa ń kí ènìyàn láàárọ̀ bí ẹni ń fọn fèrè síni létí.

Wọ́n pe ìpàdé. Seu Anselmo, bàbá arúgbó tó ń gbé lájà kẹjọ, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹsẹ̀ òkè la ń gbé," ó ní. "Ẹ̀ ń rí èrò gbogbo àgbáyé tó ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ wo ère. Ẹni tí ò tíì débẹ̀ rí nínú wa, kó na ọwọ́."

Ọwọ́ tó nà sókè lójijì pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni retí lọ. Dorvalina na tirẹ̀. Otacílio fà á wálẹ̀ kíákíá, bí ẹni pa iná.

"Ó yẹ kó tì wá lójú," ni Seu Anselmo wí. "Kí gbogbo ilé jọ lọ. Báwo la ṣe máa lọ?"

"Ẹsẹ̀ la máa fi rìn!" Dona Nilcéa ti dìde. "Láti Parque Lage, ká gba inú igbó gòkè. Ẹ̀dọ̀fóró yín á ṣí!"

"Tèmi á ṣí tán, á sì wà ní ṣíṣí títí ayé," ni Seu Anselmo dáhùn.

Ẹnìkan ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Largo do Machado. Òmíràn ní èébì máa ń gbé òun nínú bọ́ọ̀sì kékeré. Ariwo sọ. Otacílio jẹ́ kí ariwo náà pọ̀ tó bó ṣe fẹ́, kó tó wú ikọ́, tó sì dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní. Ohun tó máa ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn, títí kan ẹni tó ń kó lẹ́tà wá. "Ẹrù ni wọ́n ń kó sínú bọ́ọ̀sì kékeré. Ewúrẹ́ ló ń fẹsẹ̀ gun òkè. Ọkọ̀ ojú irin ni ọba wọ̀ gòkè Corcovado nígbà tí ìlú yìí ṣì lọ́ba. Ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán. Kò tètè tán, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ta ló máa wá ṣíwájú wa?" ni Seu Anselmo bèèrè.

"Ta ló tún kù?"

"Kọmẹndadọ," Dona Nilcéa ní, "ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn?"

"Dona Nilcéa, bí ẹ bá rí ènìyàn nínú ilé ara rẹ̀, ṣé ẹ máa ń bi í pé ìgbà wo ló débẹ̀ kẹ́yìn?"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Orí Otacílio wú. Bí orí rẹ̀ bá sì ti wú, ahọ́n rẹ̀ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ibẹ̀ gan-an la ti máa dìbò!" ó kígbe. "Lẹ́sẹ̀ ère, kí gbogbo ayé máa wò wá!"

Ìgbà tó jókòó tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Dorvalina rí i tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ó rò pé ooru ni.

Láti ọjọ́ náà ni Otacílio ti di ọ̀rẹ́ àwọn tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Dorvalina rò pé oòrùn ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ya oòrùn sórí máàpù, ojú ọkọ rẹ̀ á fà ro. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin orí tẹlifíṣọ̀n ní òtútù ń bọ̀ láti gúúsù, ìkùukùu máa bo gbogbo orí òkè ní Rio. Otacílio fò dìde. Ó fẹnu ko tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu.

"Ọjọ́rú!" ó ní. "Ọjọ́rú la ń lọ!"

Dona Nilcéa dá a dúró lẹ́nu lífítì lọ́jọ́ kejì. "Kọmẹndadọ, wọ́n ní a ò ní rí ọwọ́ ara wa lórí òkè lọ́jọ́rú."

"Mo mọ̀."

"Kí la wá fẹ́ lọ wò?"

Otacílio rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àánú ọmọ kékeré ṣe. "Ọjọ́ oòrùn, ọjọ́ àwọn àlejò nìyẹn. Wọ́n á dé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Àwa ọmọ ìlú, ọkàn la fi ń wò ó. Ọjọ́ ìkùukùu ni àwọn tó mọyì nǹkan ń lọ."

"Ọkàn tèmi ò tíì ra awò ojú," ni Seu Anselmo wí látinú lífítì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn yòókù létí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tí ò mọyì nǹkan. Tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí ère náà dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjókòó. Kò sí ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin náà rí tí kò mọ̀ pé apá ọ̀tún ni èèyàn á jókòó sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìlú àti òkun ti máa ń yọ láàárín igi bí ọkọ̀ bá ń gòkè. Apá òsì, àpáta ni. Otacílio ní apá òsì ni ìjókòó àwọn àgbà. Ó ní àpáta ibẹ̀ lọ́jọ́ lórí, ó sì ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ ìtàn náà, ó ní ó gùn.

Ọjọ́rú dé. Gbogbo ará ilé wọ súwẹ́tà lọ sí ibùdókọ̀ ní Cosme Velho. Otacílio nìkan ló wọ kóòtù funfun, ṣòkòtò funfun, bàtà funfun. Òkè ò sí lójú ọ̀run mọ́. Ìkùukùu ti gbé e mì.

"Ojú ọjọ́ dára," ni Otacílio wí.

Ọkọ̀ gbéra. Ó ń fi eyín irin di ojú ọ̀nà mú, ó ń wọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú igbó. Lápá ọ̀tún, funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni fi aṣọ bo fèrèsé. Lápá òsì, ewé tútù àti àpáta. Otacílio mí kanlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là. Àwọn onísáńbà mẹ́ta wọlé pẹ̀lú ìlù pẹlẹbẹ wọn, ó sì ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé òun ló bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

"Tá a bá dé ibì kan báyìí, gbogbo èèyàn á kígbe 'Ó!' nítorí ẹwà ibẹ̀," ó sọ fún gbogbo ọkọ̀. "Èmi ni màá sọ fún yín. Ó yá! Ó!"

"Ó!" gbogbo ọkọ̀ kígbe. Àwọn ará Japan tó wà lẹ́yìn náà kígbe, wọ́n ya fọ́tò. Ògiri kan tí wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí lára ni wọ́n yà.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà dagun síi, gbogbo ara èrò fì sẹ́yìn. Otacílio gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Dorvalina wo ọwọ́ náà. Òtútù ń mú, ṣùgbọ́n òógùn ń kán lára ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì dáadáa. Ìgbà yẹn ni gílóòbù, ilé ìsàlẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Niterói dìde láti ibi tí oníkálukú wọn wà, wọ́n sì wá dúró ti ara wọn lọ́kàn rẹ̀. Ìgbéraga nìkan ni ohun gíga tí ara ọkọ rẹ̀ gbà.

"Bàbá Jussara," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ̀rù ń bà yín."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ìfẹ́ ni."

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi, ìfẹ́ ò fún mi lọ́wọ́ tó báyìí rí."

"Ó ń dàgbà síi ni."

Kì í ṣe ẹ̀rù náà ló dun Dorvalina. Ẹ̀rù ò ṣẹlẹ̀ sí Otacílio nìkan láyé. Ohun tó dùn ún ni pé bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, òun ì bá ti máa dá lọ láti ìgbà náà, òun á sì máa wá ròyìn fún un.

Wọ́n dé òkè. Ìsàlẹ̀ ère nìkan ni wọ́n rí. Láti orúnkún lọ sókè, ìkùukùu ti jẹ ẹ́. Àwọn arìnrìn-àjò dúró káàkiri pẹ̀lú fóònù wọn bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó tí ìyàwó ò wá.

Ibẹ̀ ni Otacílio ti wá gbilẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti rí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan. Ó rìn tààrà lọ sí ibi irin ìdènà, ó fẹ̀yìn tì í, ìkùukùu dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun. Ó na apá méjèèjì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Lẹ́yìn mi gan-an níbí, pápá ìṣeré Maracanã nìyẹn. Lọ́wọ́ òsì mi, òkun. Ẹ fọkàn wò ó!"

Àwọn ará ilé fọkàn wò ó. Àwọn arìnrìn-àjò súnmọ́ tòsí. Wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù náà funfun.

"Ṣé Maracanã ló wà lápá ibẹ̀ yẹn?" ni Dona Nilcéa bèèrè.

"Dona Nilcéa, ogójì ìgbà! Ká tètè dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ Kọmẹndadọ, kó na ọwọ́ méjèèjì bíi ti ère!"

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ní méjì-méjì. Dona Nilcéa ká ọwọ́ rẹ̀ gbera. Inú Otacílio dùn débi pé ó dijú.

Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́ láti òkun.

Orúnkún ère ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àyà, lẹ́yìn náà ojú, tí oòrùn tàn sí i lára. "Ó!" ni gbogbo èrò kígbe. Otacílio rò pé òun ni. Ó tẹríba.

"Kọmẹndadọ," Seu Anselmo ní, "ẹ wẹ̀yìn wò. Omi ti kún Maracanã. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ nínú ẹ̀."

Otacílio yíjú padà.

Ìkùukùu ti lọ. Ìlú Rio wà nísàlẹ̀ bí ìrẹsì tí wọ́n dà sílẹ̀. Òkun wà níbẹ̀, òkè Pão de Açúcar ò ju ìkókó lọ, ẹyẹ igún sì ń fò kiri. Ó ń fò nísàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ẹ̀yìn igún náà ló rí.

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ìdí tẹ̀lé e, gbogbo kóòtù funfun náà wá tẹ́ sílẹ̀. Ó gbá kókósẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù mú. Ti Dona Nilcéa ni.

"Ẹ dì mí mú! Mo ń ṣubú!"

"Kọmẹndadọ, ẹ ti dọ̀bálẹ̀. Ibo lẹ tún fẹ́ ṣubú sí?"

"Ilẹ̀ náà ga!"

Àwọn arìnrìn-àjò rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Obìnrin kan kúnlẹ̀ tì í, ó bú sẹ́kún. Àwọn ará Japan ya fọ́tò.

"Ogójì ìgbà ńkọ́?" ni Dona Nilcéa bèèrè láti òkè.

"Mi ò wá rí! Ibùdókọ̀ ni mo máa ń dé, màá mu kọfí, màá padà sílé! Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀!"

"Bàbá àgbà yín tó kọ́ ère ńkọ́?"

"Búrẹ́dì ló ń tà! Ní Botafogo!"

"Ta ló wá fi yín jẹ Kọmẹndadọ?"

"Èmi ni!"

"Ẹ bá mi bi í," ni Seu Anselmo wí, "nípa ìwé ìròyìn mi tó máa ń sọnù lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú."

"Èmi ni!"

Seu Anselmo wo àwọn ará ilé. Wọn ò tíì rántí sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Ọwọ́ ti wà lókè," ó ní. "Ẹ má jẹ́ ká da ara wa láàmú. Ká kàn pààrọ̀ orúkọ."

Báyìí ni Dona Nilcéa ṣe di alága ilé Bela Aurora, tí alátakò rẹ̀ sì dì í lẹ́sẹ̀ mú títí wọ́n fi ka ìbò tán.

Ó ku bí wọ́n ṣe máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Otacílio ò gbà láti dìde, kò sì gbà kí wọ́n gbé òun, nítorí gbígbé á tún sọ òun di gíga. Ó ràkò. Dorvalina tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ọkọ rẹ̀ lójú. Dona Nilcéa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pàṣẹ bí ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: "Ọwọ́ ọ̀tún, orúnkún òsì! Ẹ mí sínú! Ọwọ́ òsì, orúnkún ọ̀tún! Ó dáa!" Èrò ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn onísáńbà tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò sọ̀kalẹ̀ rí i, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù tẹ̀ lé orúnkún rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó sínú ọkọ̀, ó nawọ́ káàkiri nínú òkùnkùn ìborùn náà. "Ìyá Jussara? Dorvalina? Ìwọ nìyí?"

"Èmi nìyí," ni Seu Anselmo dáhùn. "Ẹ dì mí mú, ẹ má ṣàníyàn. A máa sọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn lọ títí a ó fi délẹ̀."

Dorvalina ti padà sídìí irin ìdènà. Ó ti sọ fún Dona Nilcéa pé ọkọ̀ tó bá gbẹ̀yìn lòun máa wọ̀. Ó ra kọfí àti búrẹ́dì wàràkàṣì kan tó gbóná, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wo òkun títí. Ó wo ère náà láti ẹsẹ̀ dé orí, ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ọgbọọgba ni wọ́n.

Obìnrin àjèjì tó kúnlẹ̀ sunkún lẹ́ẹ̀kan wá bá a, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún un, kó bá òun ya fọ́tò. Dorvalina yà á. Obìnrin náà fi Potogí wẹ́wẹ́ tó gbọ́ bèèrè nípa ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn. Ṣé wòlíì ni?

"Rárá o," ni Dorvalina dáhùn, ó sì gbé fóònù padà fún un. "Òun ló ń fọ̀nà hàn wá."